Ẹ Sọ Ẹnu Ọ̀nà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lórúkọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, ti ọ́fíìsì, ti ilé ìwòsàn àti ti ilé ìtàjà. Ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ni mo bá wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé Linux náà ń wo ilé kó tó sọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórúkọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ilé tó ń wò yẹn kì í dúró sójú kan.

Ohun tí mo pè ní ẹnu ọ̀nà ni interface, orúkọ tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá tẹ ip -br link. Ẹ jẹ́ ká fi ráútà kan ṣe àpẹẹrẹ, kọ̀ǹpútà Linux tó ní ihò wáyà méjì. Ọ̀kan kọjú síta, sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì kọjú sínú, sọ́dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ilé. Orúkọ ni gbogbo òfin firewall fi ń pe ẹnu ọ̀nà méjèèjì, orúkọ náà sì ni DHCP fi mọ ibi tí yóò ti máa pín àdírẹ́sì. Bí orúkọ méjèèjì bá gba ipò ara wọn lẹ́yìn tí a tan kọ̀ǹpútà, firewall yóò máa ṣílẹ̀kùn fún ará ìta bí ẹni pé ọmọ ilé ni, DHCP yóò sì máa pín àdírẹ́sì ilé yín sórí wáyà ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, síbẹ̀ gbogbo nǹkan ti dojú rú.

Báwo ni orúkọ ṣe ń yí? Kernel, ọkàn Linux tó ń darí irin kọ̀ǹpútà, ń sọ káàdì lórúkọ bí a ṣe ń sọ ìbejì. Ẹni tó kọ́kọ́ yọjú ni eth0, ẹni tó tẹ̀ lé e ni eth1. Àmútọ̀runwá ni orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, kọ̀ǹpútà sì ń tún káàdì rẹ̀ bí nígbàkigbà tí a bá tàn án. Àwọn dráífà máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí káàdì tirẹ̀ bá tètè dáhùn ló gba eth0. Bí dráífà kan náà bá ń darí káàdì méjèèjì, ètò wọn sábà máa ń dúró bákan náà fún ìgbà pípẹ́. Bí dráífà méjì bá wà, ọ̀kan fún káàdì orí bọ́ọ̀dù, èkejì fún káàdì tí ẹ kì bọ̀ ọ́, eré sísá ni. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà lè kú kó sì tún tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń sá eré yìí.

Àwọn tó ń ṣe udev, ètò Linux tó ń bójú tó ohun èlò tó bá yọjú, kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n bí káàdì kọ̀ọ̀kan mọ́, tún un ṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ rí káàdì kan, yóò kọ MAC rẹ̀ àti orúkọ tó gbà sínú /etc/udev/rules.d/70-persistent-net.rules. Ẹ óò ṣì bá fáìlì yìí lórí sáfà àtijọ́. Ohun méjì ló bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà díìsìkì náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, MAC ti yàtọ̀. Eth0 ti ní ẹni tó ni ín nínú fáìlì, káàdì tuntun á wá di eth1, kọ̀ǹpútà á sì tàn láìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èkejì, udev ń fẹ́ pín orúkọ eth0 àti eth1 lákòókò kan náà tí kernel fúnra rẹ̀ ń pín in. Bí wọ́n bá kọlu ara wọn, ẹ óò bá ẹnu ọ̀nà kan tó ń jẹ́ rename3 tàbí irú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló fà á tí n kò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni nínú yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ káàdì ní eth0 tàbí wlan0. Ti kernel ni orúkọ wọ̀nyẹn.

Dell gbé biosdevname jáde, èyí tó ń pe ihò orí bọ́ọ̀dù ní em1, em2, tó sì ń pe ti káàdì àkìbọ̀ ní p1p1. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2013, systemd 197, ẹ̀yà kan nínú ètò tó ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Linux dìde, tí udev wà nínú rẹ̀, gbé ìlànà tí a ń lò títí di òní jáde. Bí a ṣe ń ka orúkọ rẹ̀ nìyí. En ni ti wáyà, wl ni ti Wi-Fi, ww ni ti módẹ́ẹ̀mù SIM. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e á sọ ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. O jẹ́ nọ́ńbà tí firmware, ètò inú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, fún ihò orí bọ́ọ̀dù, bí eno1. S jẹ́ nọ́ńbà ihò tí a ki káàdì bọ̀, bí ens3. P jẹ́ ojú ọ̀nà PCI, ìlà tí káàdì gbà so mọ́ bọ́ọ̀dù, bí enp3s0. X jẹ́ MAC odindi, bí enx00005e005301. Láti systemd 251, d náà wà fún àwọn bọ́ọ̀dù kékeré tó ń lo devicetree, àkọsílẹ̀ irin tí a ń fún kernel. Ìdí nìyẹn tí Raspberry Pi 4 tó ń jẹ́ eth0 tẹ́lẹ̀ fi jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó di end0 lórí àwọn ẹ̀yà Linux mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n gbé wọn sókè.

Nọ́ńbà inú orúkọ náà ní ẹ̀tàn kan tó ti fi àkókò ọ̀pọ̀ èèyàn ṣòfò. Àṣẹ lspci ń fi nọ́ńbà PCI hàn ní hexadecimal, ìkànye tí 0a ti jẹ́ 10, orúkọ ń lò ó ní nọ́ńbà ojoojúmọ́. Káàdì tí lspci pè ní 0a:00.0 ni yóò jẹ́ enp10s0. Ẹ má wá enp0as0, kò sí.

Ìlànà 2013 yìí dára, ó sì fòpin sí eré ìbejì. Ohun tí kò lè ṣe ni kí kọ̀ǹpútà tó yàtọ̀ síra jẹ́ orúkọ kan náà. Ráútà àkọ́kọ́ ní eno1 àti enp3s0, èkejì ní enp1s0 àti enp2s0, ẹ̀kẹta jẹ́ Raspberry Pi tó ní end0 àti enx-kan-báyìí. Ẹni tó ń tọ́jú ogún irú rẹ̀ ní láti ní ogún fáìlì firewall. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo pàápàá, orúkọ tó ń wo ilé yóò yí bí ilé bá yí. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì PCI kì í ṣe ohun tí wọ́n gbẹ́ sára bọ́ọ̀dù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, wọ́n á máa kà á láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, bí ẹni ń ka yàrá nínú ilé. Bí ẹ bá ki díìsìkì NVMe tuntun tàbí káàdì àwòrán sí ẹ̀ka tó ṣáájú, òun á gba nọ́ńbà, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú. Enp3s0 á di enp4s0, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò yọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò níbi tó wà. Bákan náà, firmware tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nọ́ńbà ihò orí bọ́ọ̀dù tí kò sọ tẹ́lẹ̀, enp0s31f6 á wá di eno1. Systemd tuntun pẹ̀lú lè yí ọ̀nà tó fi ń kà á padà. Fún ti systemd yìí, ẹ lè kọ net.naming-scheme=v252 sórí ìlà kernel, v252 sì ni ti Debian 12; yóò máa sọ orúkọ bí ẹ̀yà yẹn ṣe ń sọ ọ́, kódà bí ẹ bá gbé e sókè.

Àwọn kan á ní kí á kúkú kọ net.ifnames=0, ká padà sí eth0. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní ihò kan ṣoṣo, tí kò sì sí ẹni tí yóò ki ohun USB bọ̀ ọ́, n kò ní bá yín jà. Lórí èyí tó ní méjì, ẹ ti padà sínú eré ìbejì nìyẹn. Ẹ má ṣe é.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni kí ẹ sọ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lórúkọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ode0 ni kí èyí tó kọjú síta máa jẹ́, inu0 ni kí èyí tó kọjú sílé máa jẹ́, lórí gbogbo kọ̀ǹpútà yín, ì báà jẹ́ sáfà ńlá, ì báà jẹ́ Raspberry Pi. Fáìlì tí yóò yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á wá ku méjì kékeré péré, èyí tó so orúkọ mọ́ ara irin. Firewall, DHCP, àti gbogbo ìyókù yóò jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ náà o. Kernel kò gbà ju báìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ fún orúkọ ẹnu ọ̀nà, ọ̀ kan ṣoṣo tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti ohùn ìsàlẹ̀ sì lè jẹ báìtì márùn-ún. Systemd kò tilẹ̀ ní gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo, kò gbọ́dọ̀ sí / tàbí :, ẹ má sì pe ẹnu ọ̀nà ní all tàbí default, nítorí sysctl ti ń lo orúkọ méjèèjì fún nǹkan mìíràn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ mọ irin tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ ethtool -p enp3s0 10 yóò mú kí iná ihò yẹn máa ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, bí dráífà rẹ̀ bá gbà á. Bí kò bá gbà, ẹ yọ wáyà kí ẹ wo èyí tó di DOWN nínú ip -br link. Àṣẹ ethtool -P enp3s0 yóò sọ MAC tí wọ́n bí i mọ́. Àṣẹ udevadm info /sys/class/net/enp3s0 yóò sọ ID_PATH àti ID_NET_DRIVER. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ wá ṣe fáìlì /etc/systemd/network/10-ode0.link báyìí:

[Match]
PermanentMACAddress=00:00:5e:00:53:01
Type=ether

[Link]
Name=ode0
AlternativeNamesPolicy=database onboard slot path

Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún inu0. Udev ló ń ka fáìlì yìí, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ bí NetworkManager lẹ fi ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Nọ́ńbà 10 iwájú orúkọ fáìlì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Fáìlì tó bá kọ́kọ́ bá káàdì mu, gẹ́gẹ́ bí orúkọ fáìlì ṣe tẹ̀ léra, ni udev ń lò, kò sì ní wo ìkejì. Tiyín gbọ́dọ̀ ṣáájú 99-default.link, àti 73-usb-net-by-mac.link tó wà lórí Debian. Nítorí pé kò ní wo ìkejì yìí náà ni mo ṣe kọ ìlà AlternativeNamesPolicy: bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, orúkọ enp3s0 á parẹ́ pátápátá. Bí ó bá wà, enp3s0 á di ìnagijẹ fún ode0, ẹni tó bá sì tẹ ip link show enp3s0 á ṣì rí i. Láti kernel 5.5 ni ìnagijẹ yìí ti wà.

Ìlà Type=ether ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, ó sì máa ń dùn wọ́n lẹ́yìn. Bridge, bond àti VLAN, àwọn ẹnu ọ̀nà tí a fi ètò ṣe sórí káàdì, sábà máa ń gbé MAC káàdì tí wọ́n gùn wọ̀. Bí fáìlì yín bá wo MACAddress nìkan, VLAN náà á ní òun ni ode0, àwọn méjèèjì á sì máa du orúkọ. PermanentMACAddress ń wo MAC ìbí nìkan, Type=ether sì ń lé bridge, bond àti VLAN jáde. PermanentMACAddress dé pẹ̀lú systemd 245; lórí èyí tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, MACAddress àti Type=ether ni kí ẹ jọ lò.

Kí ẹ tó tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe, pẹ̀lú àṣẹ root:

udevadm test-builtin net_setup_link /sys/class/net/enp3s0

ID_NET_LINK_FILE gbọ́dọ̀ jẹ́ fáìlì yín, ID_NET_NAME gbọ́dọ̀ jẹ́ ode0. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe update-initramfs -u lórí Debian àti Ubuntu, tàbí dracut -f lórí Fedora àti àwọn ẹbí rẹ̀. Udev ti ń ṣiṣẹ́ nínú initramfs, ètò kékeré tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde, kó tó dé orí díìsìkì yín. Bí ẹ̀dà àtijọ́ bá wà níbẹ̀, orúkọ àtijọ́ ni yóò sọ káàdì, ẹ̀yin á sì máa wo fáìlì yín tí kò ní àbùkù kankan. Tó bá jẹ́ Netplan lẹ ń lò, match pẹ̀lú macaddress àti set-name ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ fáìlì .link sínú /run. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀.

Ṣé MAC ni ká fi so orúkọ mọ́ irin, àbí ojú ọ̀nà PCI? Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ronú, nítorí ìdáhùn kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo ẹ̀rọ. MAC ń bá káàdì rìn. Bí káàdì bá jóná tí ẹ fi òmíràn sí ihò kan náà, orúkọ á sọnù títí ẹ ó fi tún fáìlì kọ. Ojú ọ̀nà ń bá ihò rìn. Ẹ lè pààrọ̀ káàdì bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n NVMe kan lè ti nọ́ńbà síwájú. Fún kọ̀ǹpútà àkójọ tí ẹ ń ki nǹkan bọ̀ tí ẹ ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, MAC ni mo fara mọ́. Fún ogún ẹ̀rọ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan náà, tí a kì í ṣí inú wọn, Path, ìyẹn ID_PATH tí ẹ kọ sílẹ̀, ló dára jù, nítorí fáìlì kan náà ni yóò bá gbogbo wọn mu. Raspberry Pi 4 ni àpẹẹrẹ tó mọ́ jù: Path=platform-fd580000.ethernet ni ihò rẹ̀ lórí gbogbo Pi 4, kò sí káàdì tó lè tì í síwájú.

Lórí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà (virtual machine), ẹ̀yin lẹ ni ọwọ́ méjèèjì. Nínú fáìlì XML libvirt, ètò tó ń darí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ MAC tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 52:54:00 sílẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì PCI pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀ láti ara díìsìkì kan, MAC yóò yàtọ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà Path ni kí ẹ fi sínú .link.

Fóònù tí a fi USB so mọ́ ẹ̀rọ ló ń fa ìdààmú jù, ó sì pọ̀ láàárín wa, nítorí òun ni ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kejì fún ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ń dá MAC tuntun sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tan ìpín íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, enx rẹ̀ á sì máa yí padà ní gbogbo ìgbà. MAC kò wúlò níbí, ojú ọ̀nà USB náà á yí bí ẹnì kan bá ki wáyà sí ihò mìíràn. Dráífà ni kí ẹ wò:

[Match]
Driver=rndis_host

[Link]
Name=foonu0

Àwọn fóònù mìíràn ń lo cdc_ncm tàbí cdc_ether; ethtool -i yóò sọ fún yín. Ẹ ṣọ́ra: bí fóònù méjì bá wà lórí ẹ̀rọ kan, ẹni tó ṣáájú á gba orúkọ, ẹnì kejì á kùnà láti gbà á. Ẹ̀rọ tó bá ní ohun èlò méjì tí dráífà wọn jẹ́ ọ̀kan kò yẹ fún ọ̀nà yìí.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá ti dúró, ẹ lọ wo gbogbo ibi tí orúkọ àtijọ́ fara pamọ́ sí. Àṣẹ grep -rE 'eth[0-9]|en[opsx][0-9a-f]' /etc yóò tú ọ̀pọ̀ jáde: interface-name nínú NetworkManager, interface= nínú dnsmasq, INTERFACESv4 nínú /etc/default/isc-dhcp-server, àti àwọn ìwé àṣẹ kéékèèké tí ẹnì kan kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nínú nftables, ètò firewall Linux, ẹ lo iifname, ẹ má lo iif. Iif ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà ní àkókò tí a ń gbé òfin wọlé. Bí ode0 kò bá tíì yọjú ní àkókò yẹn, nft á kọ̀ láti gba fáìlì náà lódindi, kọ̀ǹpútà á sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní òfin kankan. Iifname ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà, ó lè dúró de ẹnu ọ̀nà tí kò tíì dé.

FreeBSD kò le tó èyí: ifconfig_igb0_name="ode0" nínú rc.conf, kí ifconfig_ode0="DHCP" tẹ̀ lé e. Lórí Windows, Rename-NetAdapter -Name "Ethernet 2" -NewName "inu0" á ṣe é nínú PowerShell.

Fún ẹ̀rọ tó jìnnà sí yín, ẹ má yí orúkọ láti orí SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọlé láti òkèèrè, láìkọ́kọ́ ṣe ọ̀nà àsálà. Bí ẹ bá ń lo systemd-networkd, ẹ fi fáìlì 90-asala.network sílẹ̀:

[Match]
Type=ether
Kind=!*

[Network]
DHCP=yes

Ẹnu ọ̀nà wáyà èyíkéyìí tí fáìlì mìíràn kò bá gbà, yálà orúkọ rẹ̀ kùnà tàbí ẹnì kan ti pààrọ̀ káàdì, yóò bọ́ sọ́wọ́ èyí, yóò sì béèrè àdírẹ́sì. Kind=!* ń yọ àwọn ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe irin kúrò. Ẹ rí i pé firewall yín gba SSH láti ibi tí ẹ óò ti wọlé, láìka orúkọ ẹnu ọ̀nà sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àdírẹ́sì á wà ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn á tì. Lẹ́yìn náà ẹ pa á kí ẹ tún tàn án, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì yọ wáyà iná rẹ̀ gan-an nínú ọ̀kan, nítorí káàdì tó ti gbóná àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríná kì í fi ìyára kan náà dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú téèpù pẹlẹbẹ àti bírò tí omi kì í pa. Ẹ kọ ode0 sí ẹ̀gbẹ́ ihò ode0, inu0 sí ẹ̀gbẹ́ inu0, kí ẹ sì kọ ohun kan náà sórí wáyà tó wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó máa gbá ilẹ̀ yàrá yẹn lọ́la kò ní ethtool lọ́wọ́.